Ẹlẹ́rìí Mẹ́ta Tó Wà Nísàlẹ̀ CV Mi

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń yá fóònù aládùúgbò wa láti fi pe ara mi. Màá gbé fóònù tèmi sórí tábìlì, màá tẹ nọ́ńbà mi lórí tirẹ̀, màá wá máa wo tèmi bí ẹni tó ń wo aláìsàn bóyá ó ṣì ń mí. Kò ní pẹ́ tí yóò fi dún. Aládùúgbò náà, ọkùnrin kan tó ń tún fíríìjì ṣe, á bi mí pé ṣé ó dún, màá ní ó dún. Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ gan-an nìyẹn. Ká ní kò dún ni, mi ò bá rí nǹkan dá lẹ́bi.

Ìbà ni mò ń gbé nígbà náà, ní ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá. Èkìtì ni wá. Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọba kò tíì fẹ̀yìn tì lára wọn. Kí aago méje tó lù láràárọ̀, wọ́n á ti wọ ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ dáadáa, wọ́n á jókòó sí pálọ̀, wọ́n á mú bírò pupa, wọ́n á sì máa fa ìlà sábẹ́ gbogbo àṣìṣe tó bá wà nínú ìwé ìròyìn ọjọ́ tó ṣáájú. Tí wọ́n bá ti ka ojú ewé kan tán, wọ́n á fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Mi ò mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí.

Ní tèmi, mo ti gboyè jáde ní yunifásítì, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀, mo sì ti padà wá jókòó. Ọdún kan ti kọjá, oṣù mélòó kan sì ti gun orí rẹ̀. Bàbá kò lé mi jáde, wọn kò sì ka oúnjẹ mọ́ mi lẹ́nu. Ohun tí wọ́n ṣe le ju ìyẹn lọ: wọ́n bá mi wá ìjáde. Ọ̀rẹ́ wọn kan ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan nílé wa ní Èkìtì, wọ́n sì ti jọ sọ ọ́ pé bí ọdún bá parí tí mi ò bá ríṣẹ́ l'Ékòó, èmi ni yóò máa kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta ní ABD nígbà tí wọ́n bá wọlé ní oṣù kìíní. Kì í ṣe pé iṣẹ́ olùkọ́ burú. Òun ni ìyá mi fi tọ́ mi dàgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń bọ̀ l'Ékòó, wọ́n mú mi lọ síwájú pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n fòróró yà mí sọ́tọ̀, wọ́n kọrin, wọ́n sì ṣàdúrà fún mi bí ẹni tó ń lọ gba ìlú kan lójú ogun. Báwo ni ajagun yóò ṣe padà wálé pẹ̀lú báàgì kan, láti wá máa nu ikun imú fún àwọn ọmọ àwọn tó ṣàdúrà fún un? Mo máa ń rí ojú ìyá mi nínú ọkàn mi, bí yóò ṣe rẹ́rìn-ín músẹ́ tí yóò ní kò burú. Ẹ̀rín yẹn ni mò ń sá fún.

Nítorí náà, mò ń kọ̀wé. Ojú ewé mẹ́rin ni CV mi nígbà náà, mo sì gbádùn rẹ̀ púpọ̀. Tí mo bá kà á, ó máa ń wù mí kí n pàdé ọkùnrin náà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀jáfáfá ni mí, pé mo ní ìrírí tó jinlẹ̀ nínú dídarí àwọn ènìyàn. Àwọn ènìyàn tí mo darí ni ọmọ mọ́kànlá ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, méjì nínú wọn sì máa ń sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo kọ ọ́ pé mo fẹ́ràn ìrìnàjò. Láti Ìbà sí Òkòkòmaikò ni. Àwọn ilé iṣẹ́ náà kò kúkú sàn jù mí lọ. Ọ̀kan ń wá ẹni tí kò ju ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lọ, tó ti ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́wàá. Mo kọ̀wé sí wọn. Mo rò pé irọ́ ń bá irọ́ sọ̀rọ̀ ni, pé a ó gbọ́ra wa yé. Wọn kò dáhùn.

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ òtítọ́ fún mi ni obìnrin tó ń bá mi tẹ àwọn ìwé náà ní Ìyànà-Ìbà, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Àǹtí Kọ̀ǹpútà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, híjáàbù rẹ̀ kì í kúrò lórí, ṣíńgọ́ọ̀mù kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀ ju ibi tí ènìyàn mẹ́ta lè jókòó sí lọ, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà méjì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré kan lẹ́yìnkùlé tó ń pariwo bí ọmọ tí wọ́n já ọmú gbà lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ kan tí mo tún wá pé kó bá mi tẹ ẹ̀dà mẹ́wàá, ó yí àga rẹ̀ padà, ó wò mí.

“Ọ̀gá Ọ̀jáfáfá,” ó ní, “gbogbo CV tí mò ń tẹ̀ níbí, ọ̀jáfáfá ni gbogbo yín. Ta ló wá kù tí yóò ṣiṣẹ́?”

Àwọn ọmọ yunifásítì méjì tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Mo ti fẹ́ fi gírámà dá a lóhùn kó tó bi mí pé kí ni mo ti fi ọwọ́ ara mi ṣe rí, tí ẹnì kan rí i. Ó pẹ́ kí n tó rántí ilé ìwòsàn kékeré kan ní ìgbèríko tí wọ́n fi mí sí nígbà àgùnbánirọ̀, níbi tí wọ́n ti ní kí n máa tọ́jú yàrá oògùn nítorí kò sí ẹlòmíràn. Eku ló pọ̀ jù nínú yàrá náà nígbà tí mo dé. Mo kó gbogbo rẹ̀ jáde, mo to àwọn oògùn tí ọjọ́ tí wọn yóò bàjẹ́ ti ń sún mọ́ síwájú, mo sì ń kọ èyí tó wọlé àti èyí tó jáde sínú ìwé, títí dé ọjọ́ tí mo kúrò. N kò fi í sínú CV torí pé yàrá náà ń rùn. Mo ti rò pé iṣẹ́ tó ń rùn kì í ṣe ìrírí.

Ọjọ́ yẹn ni ọ̀jáfáfá kú. Àǹtí Kọ̀ǹpútà pa ojú ewé mẹ́ta rẹ́ níwájú mi bí ẹni ń pa ìdun, ó fi yàrá oògùn sókè pátápátá, ó sì ní kí n máa kọ ìwé sí àwọn tó bá ní ilé ìkẹ́rùsí nìkan, kí n yé tọrọ ipò ọ̀gá lọ́wọ́ ilé ìfowópamọ́. Ó ku àwọn ẹlẹ́rìí mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀, àwọn tí ilé iṣẹ́ lè pè láti mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́. Ìyẹn ni mo ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Olùkọ́ kan ní yunifásítì wà níbẹ̀, alàgbà ìjọ wa kan tó ń gbé ní Navy Town wà níbẹ̀, Bàbá sì wà níbẹ̀. Mo ní àwọn wọ̀nyẹn nìkan ló níyì nínú gbogbo ìwé náà. Ó gbà bẹ́ẹ̀.

Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí fóònù mi dún, tí kì í ṣe èmi ni mo pè é. Wọ́n pè mí fún íńtáfíù lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù méjì. Nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní kí n máa retí ìpè wọn. Mo retí títí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹni tí ilẹ̀kùn kò ṣí fún rí kò mọ ohun tó pàdánù. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣí i fún ọ, kí o gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, kí wọ́n wá rọra tì í mọ́ ọ lójú láìsọ ohun tí o ṣe, ìyẹn a máa jẹ ènìyàn lọ́kàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn ara mi.

Màmá, ìyàwó Bàbá, ní àwọn mọ ohun tó ń ṣe mí. Wọ́n ní ayé ni. Wọ́n ní a ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, a sì gbà á. Wọ́n tún ní kí n má ṣe jẹ́ kí ọkùnrin tó ń tún fíríìjì ṣe fọwọ́ kan nọ́ńbà mi mọ́. Èmi tí mo kọ ìwé àpilẹ̀kọ nípa ìgbàgbọ́ asán, tí olùkọ́ sì fún mi ní máàkì tó dára, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé jáde kí n má baà pàdé ọkùnrin ọlọ́kàn rere yẹn. Bàbá nìkan ni ẹ̀rù kò bà. Lẹ́yìn íńtáfíù kọ̀ọ̀kan, tí a bá ń jẹun, wọ́n á nu ẹnu, wọ́n á sọ fún mi pẹ̀lú ojú ẹni tó ti ṣe oore pé ilé iṣẹ́ náà ti pe àwọn, àwọn sì ti bá wọn sọ̀rọ̀ dáadáa. “Mo ti fi ọ́ lé wọn lọ́wọ́,” ni wọ́n máa ń wí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ìgbà tó di òpin oṣù kọkànlá ni ìpè kẹrin wá. Ilé iṣẹ́ kan ni, ní Òkòkòmaikò, kò jìnnà sí ojú ọ̀nà márosẹ̀. Wọ́n ń pín oògùn fún àwọn ilé ìwòsàn àti àwọn tó ń ta oògùn títí dé Àgbádárìgì. Wọ́n fẹ́ ẹni tí yóò máa tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí wọn. Obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni ọ̀gá ibẹ̀. Kò bi mí níbi tí mo ti fẹ́ rí ara mi ní ọdún márùn-ún. Ó mú mi wọ ilé ìkẹ́rùsí, ó fi páálí kan hàn mí, ó ní kí n sọ ibi tí màá gbé e sí. Mo wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀, mo gbé e síwájú. Ó kọ nǹkan sínú ìwé. Nígbà tí a padà sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní ó ku èmi àti ẹnì kan, pé àwọn oògùn kan wà níbẹ̀ tí àwọn olè fẹ́ràn, nítorí náà ìwà ni òun yóò fi yan ẹni tí òun máa gbà. Ó ní òun fúnra òun yóò pe àwọn ẹlẹ́rìí mi ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́rú ni ọjọ́ náà.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, mo lọ sọ fún Àǹtí Kọ̀ǹpútà. Mo rò pé yóò bá mi yọ̀. Ṣíńgọ́ọ̀mù dúró lẹ́nu rẹ̀. Ó bi mí pé ṣé mo ti pe àwọn ẹlẹ́rìí mi rí láti mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo ní kí n pè wọ́n kí n ní kí ni? Ó ní ẹni tó bá se ọbẹ̀ fún àlejò á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti ka nọ́ńbà olùkọ́ náà láti inú CV mi, ó ti pè é, ó sì ti fi fóònù rẹ̀ sórí tábìlì kí gbogbo wa lè gbọ́. Ó sọ Òyìnbó gba imú, ó ní ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan ni òun.

Olùkọ́ náà kò rántí mi. Wọ́n ní ọmọ tó ti gba abẹ́ àwọn kọjá pọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ní mo gba ibẹ̀ kọjá, ó ṣeé ṣe. Wọ́n wá bi í bóyá ilé iṣẹ́ rẹ̀ á lè ra ẹ̀dà díẹ̀ nínú ìwé tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ jáde. Alàgbà tó wà ní Navy Town kò jẹ́ kó béèrè ìbéèrè kankan. Bí wọ́n ṣe gbọ́ pé ilé iṣẹ́ ni, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún un: ilé iṣẹ́ náà kò ní wó, olè kò ní mọ ọ̀nà ibẹ̀, ọwọ́ ìjọba kò ní tẹ̀ ẹ́. Àǹtí Kọ̀ǹpútà, ọmọ Ìmáàmù, ń ṣe àmín sí i, ó ń di ẹnu mú kó má baà rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kò sí wàhálà, ó ku Bàbá.

Bàbá gbé e kó tó dún lẹ́ẹ̀kejì. Mo mọ̀ pé wọ́n ti dìde dúró. Bí wọ́n ṣe máa ń gbé ìpè tó bá jẹ́ ti iṣẹ́ nìyẹn. Àǹtí Kọ̀ǹpútà sọ Òyìnbó fún wọn, Yorùbá ni wọ́n fi dá a lóhùn, èyí tó yà wá lẹ́nu díẹ̀. Ohùn wọn balẹ̀, ó kún fún ìfẹ́.

“Ọmọ mi ni,” ni wọ́n wí. “Mi ò ní tàn yín. Ó máa ń sùn jù. Orí rẹ̀ le. Bí ẹ bá ní kó lọ sí ọ̀tún, á kọ́kọ́ bi yín nídìí rẹ̀. Ẹ má wo ti ìwé tó kà. Bó bá ṣẹ̀, ẹ bá a wí, ẹ má wojú mi. Mo ti fi í lé yín lọ́wọ́.”

Àǹtí Kọ̀ǹpútà wò mí. Ó rọra bi wọ́n pé ṣé kí àwọn gbà á síṣẹ́.

“Ẹ gbà á o,” ni Bàbá wí. “Ṣùgbọ́n ẹ máa ṣọ́ ọ.”

Ó pa fóònù náà. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Obìnrin kan tó ń dúró de fọ́tòkọ́pì fa báàgì rẹ̀ mọ́ra díẹ̀.

N kò bínú sí Bàbá, torí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Ní ọjọ́ tí bàbá tó bí mi lọ́mọ mú mi lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n sọ fún tíṣà nìyẹn, pé olórí kunkun ni mí, kí wọ́n nà mí, kí wọ́n má wojú àwọn. Bẹ́ẹ̀, wọ́n di ọwọ́ mi mú ṣinṣin lójú ọ̀nà títí tí ó fi ń dùn mí. Bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń fi ọmọ lé ọ̀gá lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá yin ọmọ ara rẹ̀ níwájú ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ níṣẹ́, ó ń sọ fún ọ̀gá náà pé kò sí ohun tó kù láti kọ́ ọ. Gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, Bàbá ń dìde dúró, wọ́n ń fi ìfẹ́ bà mí jẹ́ fún àwọn ènìyàn tí kò mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Àwa sì ń gbààwẹ̀.

Kí ni kí n wá ṣe? Nọ́ńbà Bàbá ti wà lọ́wọ́ obìnrin Òkòkòmaikò. Àǹtí Kọ̀ǹpútà ní kí n wá ọgbọ́n pa fóònù wọn ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Mo ní mi ò lè ṣe irú rẹ̀ láéláé. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Bàbá wà ní balùwẹ̀, fóònù wà lórí tábìlì, mo sì ti fi ìka lé ibi tí wọ́n fi ń pa á. Mò ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà. Kò ní gbà ju kí n tẹ̀ ẹ́ fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ lọ. Kì í ṣe ìwà rere ló dá mi dúró, ẹ̀rù ni: bí fóònù kò bá ṣiṣẹ́, èmi ni wọ́n máa pè kí n wá wò ó. Omi dákẹ́. Mo gbé e padà.

Nígbà tí wọ́n jókòó, tí wọ́n mú bírò pupa, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ síwájú wọn. Mo yí ọ̀rọ̀ náà po títí ó fi sú èmi alára. N kò sọ pé a ti dán wọn wò. Ta ló máa ń dán àgbà wò kó lọ sọ fún un? Mo kàn ní mo gbọ́ pé àwọn ilé iṣẹ́ ayé òde òní fẹ́ràn kí wọ́n yin ènìyàn, pé bí ilé iṣẹ́ kan bá pè wọ́n lónìí, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n yìn mí díẹ̀.

Wọ́n gbé ìwé ìròyìn sílẹ̀. “Kí n yìn ọ́? Lójú àlejò?” Wọ́n wò mí bíi pé mo ní kí wọ́n jó ní gbangba. “Ọjà la ń polówó. Ọmọ, à ń fi lé ni lọ́wọ́ ni.”

Aago ti lé ní mẹ́jọ. Mo ti rí báàgì mi, mo ti rí ọkọ̀ Èkìtì, mo ti rí ẹ̀rín ìyá mi. Ojú mi bọ́ sára bírò pupa náà. Mo rántí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, Bàbá ló ń kọ ìròyìn ọdọọdún nípa gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ wọn ní ọ́fíìsì ìjọba, àti pé títí di òní, àwọn ènìyàn yẹn ṣì ń pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n ń dúpẹ́.

“Bàbá,” mo ní, “àwọn òṣìṣẹ́ yín nígbà yẹn, ṣé ẹ máa ń kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn pé kí wọ́n máa ṣọ́ wọn?”

Wọ́n ní ìyẹn yàtọ̀, ìwé ìjọba nìyẹn. Mo ní kí wọ́n gbàgbé pé ọmọ àbúrò wọn ni mí, kí wọ́n wò mí bí òṣìṣẹ́ kan tó ti wà lábẹ́ wọn láti ọdún tó kọjá, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ awò ojú kan, wọ́n wọ òmíràn, wọ́n sì ní kí n mú ìwé wá. Bí mo ṣe fẹ́ dúró tì wọ́n, wọ́n gbé ojú sókè.

“Jáde,” ni wọ́n wí. “Òṣìṣẹ́ kì í dúró sí iwájú ọ̀gá tó ń kọ ìròyìn rẹ̀.”

Mo jáde. Màmá ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé, mo bá wọn ṣà á, mo ń ju ẹ̀wà nù, mo ń tọ́jú òkúta. Wọ́n gba abọ́ lọ́wọ́ mi. Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ nígbà tí fóònù dún ní pálọ̀. Mo sáré dé ẹnu ilẹ̀kùn, n kò lè wọlé.

Bàbá ti dìde dúró. Fóònù wà létí wọn ọ̀tún, ìwé wà lọ́wọ́ òsì. Wọ́n kí obìnrin náà ní Òyìnbó, wọ́n ní àwọn ti kọ nǹkan sílẹ̀, kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí àwọn kà á. Wọ́n wá kà á bí ẹni tó ń ka ìkéde ìjọba, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ náà ń gbá àgbàlá láràárọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Wọ́n ní nígbà tí àìsàn dá ìyàwó àwọn dúbúlẹ̀, òun ló ń to oògùn wọn sí wákàtí wákàtí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sì ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní ó máa ń béèrè ìdí kó tó ṣe nǹkan, pé ó kọ́kọ́ ń bí àwọn nínú, ṣùgbọ́n àwọn ti wá rí i pé nǹkan tó bá ti béèrè ìdí rẹ̀ kì í sábà bàjẹ́. Mo di férémù ilẹ̀kùn mú. N kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni rí mi láàárọ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Mo ti rò pé mò ń fi iṣẹ́ yẹn bo ojú àìríṣẹ́ ni.

Wọ́n dé orí ìlà tó gbẹ̀yìn. Wọ́n gbé orí sókè, wọ́n wò mí láti orí awò ojú wọn, wọ́n sì sọ ọ́ láìwo ìwé: “Kò parọ́ fún mi rí.”

Wọ́n gba ilé iṣẹ́ náà nímọ̀ràn pé kí wọ́n gbà mí, wọ́n dúpẹ́, wọ́n pa fóònù, wọ́n jókòó. Òógùn ti bo iwájú orí wọn. Wọ́n ní kí n bá àwọn bu omi mu, pé mo ti sọ àwọn di apolówó ọjà lọ́jọ́ ogbó.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n pè mí láti Òkòkòmaikò. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ra kéèkì fún Àǹtí Kọ̀ǹpútà. Ó ní ó dára, ṣùgbọ́n kí n má fi òun ṣe ẹlẹ́rìí mi láéláé torí òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń parọ́. Mo padà lọ kí ọkùnrin tó ń tún fíríìjì ṣe, mo sì bẹ̀ ẹ́ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò mọ̀ pé mo ṣẹ òun.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni kò jẹ́ kí n sinmi. Bí mo bá wà láàárín páálí oògùn, á dún sí mi létí. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Bàbá àti Màmá ti kó padà sí Èkìtì, mo lọ kí wọn ní ọdún Kérésì. Àlejò pọ̀ ní pálọ̀. Bàbá nàka sí mi, wọ́n ní ọ̀lẹ àwọn tó wà l'Ékòó nìyí, kí wọ́n bá àwọn gbàdúrà fún un. Ìyá mi wà níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín tí mo sá fún. Nígbà tí àwọn àlejò lọ, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: ṣọ́ọ̀bù, fóònù orí tábìlì, Òyìnbó inú imú.

Bàbá mú fóònù wọn jáde, fóònù àtijọ́ yẹn náà, wọ́n wá orúkọ kan, wọ́n sì nà án sí mi. “Kọ̀ǹpútà Ìyànà-Ìbà” ló wà níbẹ̀. Òun ló tẹ ìwé owó ìfẹ̀yìntì wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Àwa ọlọ́gbọ́n méjì, a fi fóònù tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ ní nọ́ńbà rẹ̀ dán àgbà wò. Bàbá ní orúkọ rẹ̀ yọ gàdàgbà lójú fóònù lọ́jọ́ náà, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sì ń pariwo lẹ́yìn. Àwọn mọ̀ pé èmi ni mo rán an, àwọn sì sọ ohun tí àwọn ń sọ fún gbogbo ilé iṣẹ́ tó bá pè, kí n lè gbọ́ ọ.

Mo bi wọ́n pé nígbà tí wọ́n ti mọ̀, kí ló dé tí wọ́n fi sọ fún obìnrin Òkòkòmaikò pé n kò parọ́ fún àwọn rí.

“Ìwọ lo ní kí n yìn ọ́,” ni wọ́n wí. “Ṣé òtítọ́ ni wọ́n fi ń yin ènìyàn?” Wọ́n gba fóònù wọn padà, wọ́n nù ún. “Mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá wàá wá sọ ọ́. Ọdún méjì. Ṣebí mo sọ fún wọn pé o máa ń sùn jù.”

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Èmi ni mò ń bójú tó ilé ìkẹ́rùsí náà, ìgbà mìíràn sì wà tí èmi ni wọ́n máa ń ní kí n pe àwọn ẹlẹ́rìí àwọn tó ń wáṣẹ́. Bí àgbàlagbà kan bá gbé e, tó ní olórí kunkun ni ọmọ náà, kí a bá a wí, kí a máa ṣọ́ ọ, n kì í pa fóònù. Mo máa ń bi wọ́n pé kí ni ọmọ náà máa ń ṣe láàárọ̀ tí kò sí ẹni tó rán an. Wọ́n á ronú, wọ́n á sì sọ fún mi. Ẹni mẹ́ta tí mo gbà síṣẹ́ ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́. N kò tíì rí ohun tí màá ṣọ́ lára wọn.

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, fóònù tèmi náà a máa dún, ẹnì kan á fẹ́ mọ irú ènìyàn tí àbúrò kan jẹ́. Mo máa ń rò pé mo wà lórí ìjókòó. Ìgbà tí mo bá sọ̀rọ̀ dé àárín ni mo máa ń rí i pé mo ti dìde dúró.